Ẹ̀yin Béèrè, Àwa Dáhùn: Bí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe Lè Rọ̀ Kí Ó Sì Dúró Ṣinṣin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Golf GTI tòkunbọ̀ ti ọdún 2007 ni mo ń wà, ó sì ti rin ju kìlómítà 160,000 lọ kí n tó rà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n bí mo bá wọ kòtò, ó máa ń dún gbàgà níwájú, bí mo bá sì sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, imú rẹ̀ máa ń fì lókè fì nísàlẹ̀ kí ó tó dúró. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra sípíríǹgì kúkúrú kí ọkọ̀ náà lè lọ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní coilover (ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe pọ̀, tí a lè yí láti gbé ọkọ̀ sókè sódò) ló dára jù. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ó má fi kòtò yọ mí lẹ́nu, kí ó sì dúró dáadáa nínú kọ́nà. Ṣé méjèèjì lè pa pọ̀? (Olùkàwé kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Méjèèjì lè pa pọ̀, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí kì í ṣe àìsàn ọkọ̀ tó ga jù, ti ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó ni. Imú tó ń fì láìdúró fi hàn pé ṣọ́ọ̀kù ti kú. Ariwo gbàgà náà lè wá láti ara stabilizer linkage (irin kékeré tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ọ̀pá stabilizer, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù nínú kọ́nà), tàbí rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kù àti bẹ́áríìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n lára Golf ìran karùn-ún bíi tiyín, búṣì (rọ́bà) ńlá tó wà lẹ́yìn lower arm iwájú, ìyẹn apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ó máa ń ya. Bí ó bá ti ya, ẹ lè fi èyí tí wọ́n ṣe fún Audi TT ìgbà náà rọ́pò rẹ̀: rọ́bà rẹ̀ kò ní ihò nínú bíi ti Golf, ó ń mú kí sitiarín-ìn dáhùn kíákíá, ìnira díẹ̀ tó sì ń mú wá kò tó nǹkan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ má ra nǹkan olówó gọbọi kankan nígbà tí búṣì yìí ṣì ń ya lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí n kò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn mẹkáníìkì yín. Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kù ló sì ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa fò lẹ́yìn tí táyà bá ti kọjá kòtò, nítorí náà bí ṣọ́ọ̀kù bá ti kú, kò sí irú sípíríǹgì tí ẹ fi síbẹ̀ tí imú ọkọ̀ náà kò ní máa fì. Láti ilé iṣẹ́ Volkswagen gan-an ni wọ́n ti fi mílímítà 15 sọ GTI kalẹ̀ ju Golf lásán lọ. Bí ẹ bá tún dín in kù, àyè tí táyà ní láti gòkè á kéré, ṣọ́ọ̀kù á sì máa lọ kọlu rọ́bà ìdádúró ní gbogbo kòtò tó bá jìn díẹ̀. Nínú kọ́nà pàápàá, èrè rẹ̀ kò dájú tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹsẹ̀ iwájú Golf jẹ́ irú tí à ń pè ní MacPherson, níbi tí ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì ti dúró pọ̀ lókè, tí lower arm kan ṣoṣo sì di táyà mú nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, ìhà tí lower arm fi kan táyà á ga ju ìhà tó fi kan ara ọkọ̀ lọ, ìdúró bẹ́ẹ̀ a sì máa jẹ́ kí ara ọkọ̀ túbọ̀ fẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àfi tí sípíríǹgì náà bá le gan-an. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ a máa wu ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Ní ti coilover tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ, ẹ wo ìdáhùn kejì nísàlẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó fi sípíríǹgì ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bí kò bá tíì kán, n ó sì náwó sórí ṣọ́ọ̀kù. Ilé iṣẹ́ Koni ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Special Active, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FSD tẹ́lẹ̀. Fáàfù inú rẹ̀ ń jẹ́ kí òróró kọjá wẹ́rẹ́ nígbà tí táyà bá ń gbọ̀n lórí ọ̀nà jákujàku, ṣùgbọ́n nígbà tí ara ọkọ̀ bá ń rọra fì tàbí tí ó ń tẹ̀ nínú kọ́nà, fáàfù náà á pa, ṣọ́ọ̀kù á sì le. Èyí ló bá ìbéèrè yín mu jù lọ. Ṣọ́ọ̀kù B6 ti ilé iṣẹ́ Bilstein náà dára, ó sì ń di ọkọ̀ mú gidigidi lórí eré, àmọ́ yóò máa ròyìn gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ fún yín nínú àdúgbò. Ẹ kíyè sí i pé B8 kì í ṣe ẹgbẹ́ B6, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á ní Ládípọ̀ bá wí. Sípíríǹgì kúkúrú ni wọ́n ṣe é fún. Bí owó kò bá tó, ṣọ́ọ̀kù Bilstein B4 tuntun tàbí ti Sachs tuntun yóò dá ọkọ̀ náà padà sí bí ó ṣe rí nígbà tí ó jáde, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ ni kí ẹ má rà rárá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn bí ṣọ́ọ̀kù iwájú ṣe tóbi tó níbi tó ti wọnú ẹsẹ̀ táyà, nítorí nínú àwọn Golf ìran yìí, mílímítà 50 ni ti àwọn kan, 55 sì ni ti àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró ti mẹkáníìkì náà. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fún gbogbo bóòtù pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí táyà ń rọ̀ dirodiro. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, ara gbogbo rọ́bà búṣì á lọ́, wọn á sì tètè ya. Kí ọkọ̀ jókòó lórí ìwúwo ara rẹ̀ kí wọ́n tó fún un parí. Ẹ̀yìn Golf yìí ní apá púpọ̀, kò rí bí ìran kẹrin tó ní ọ̀pá kan ṣoṣo, nítorí náà kí ẹni tó bá ṣe aláínmẹ́ǹtì fún yín ṣe tẹ̀yìn pẹ̀lú tiwájú.

Ní ti táyà, 225/45 R17 (ti ríìmù ínṣì 17) ni kí ẹ lò, ẹ má gbà kí wọ́n fi ti ínṣì 18 (225/40 R18) tàn yín: ẹ̀gbẹ́ táyà ti àkọ́kọ́ ga tó mílímítà 101, ti èkejì kò ju 90 lọ. Ẹ sì jẹ́ kí fọkanáísà fi afẹ́fẹ́ sí i ní ìwọ̀n tí a kọ sára ọkọ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ṣì ń fẹ́ jáde nínú kọ́nà lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀pá stabilizer ẹ̀yìn tó nípọn díẹ̀ sí i ló kù.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Ford Fiesta ST ti ọdún 2014 ni mo ní ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi sì ń ráhùn pé ó le jù fún ọmọ wa. Ṣé coilover tí a lè yí kí ó rọ̀ yóò wo èyí sàn? Ṣé dandan ni kí n sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò? (Olùkàwé kan, Peckham)

Ìdáhùn: Kò ní wò ó sàn. Lára ọ̀pọ̀ coilover tí owó rẹ̀ kò ga, bí ṣọ́ọ̀kù ṣe ń padà jáde ni nọ́ọ̀bù tí a ń yí ń ṣàkóso, sípíríǹgì tó bá a wá sì sábà máa ń le ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí nọ́ọ̀bù kí sípíríǹgì rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà 205/40 R17 tó wà lẹ́sẹ̀ Fiesta yín ga ní mílímítà 82 péré, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ẹ lè ti kọ́kọ́ rí ìtura. Bí ẹ bá rí ríìmù ínṣì 16 tó fẹ̀ kọjá bíréèkì ST, táyà 195/50 R16 yóò fún yín ní bíi 97, gíga gbogbo táyà náà kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹ dán ríìmù kan wò lára ọkọ̀ kí ẹ tó ra mẹ́rin.

Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní láti gbọ́, ì báà ṣe coilover tàbí ríìmù nìkan ni ẹ pààrọ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ìjàm̀bá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n lè dín owó yín kù tàbí kí wọ́n kọ̀ láti san án. Bí ẹ bá wá ti ra coilover náà ná, kí wọ́n fi gíríìsì pa ojú skúrúù tí a fi ń gbé e sókè sódò kí ìgbà òtútù tó dé, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún máa ń mú un dípẹtà títí tí kò fi ní ṣeé yí mọ́.