Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo ra bọ́ọ̀lù àti bisikíìtì fún ajá mi, ṣé mo ṣẹ Ọlọ́hun?

ÌBÉÈRÈ

Àsàláámù aláékùmù, Àáfà wa. Ọ̀nà Ìlọrin níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ẹ̀yìn ilé ni mo sì ti ń sin adìẹ. Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ ti jáde láyé, ẹ̀ẹ̀mejì ni olè wá kó mi ní adìẹ. Ìyẹn ni àbúrò mi ọkùnrin fi mú ajá kan wá fún mi. Bíńgò ni a ń pè é, olè kò sì wá mọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní LAUTECH wá ra bọ́ọ̀lù rọ́bà, egungun oníke tí ajá máa ń rún lẹ́nu, àti bisikíìtì ajá wálé fún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,500. Ọmọ-ọmọ mi ń bá a gbá bọ́ọ̀lù náà nínú àgbàlá, inú mi sì ń dùn bí mo bá ń wò wọ́n. Àmọ́ nígbà tí àwọn ará àsàlàátù wa wá kí mi, wọ́n ní ìwà kèfèrí ni, wọ́n ní ṣe ni mo dáná sun owó, àti pé ìrun mi kò lè gbà níwọ̀n ìgbà tí itọ́ ajá bá ń kan aṣọ mi. Mo ti kó gbogbo nǹkan náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ẹ tún bá mi wò ó bóyá mo lè fún un ní egungun ẹran Iléyá.

ÌDÁHÙN

Wa aláékùmù sàláámù wa ráhúmátúláì. Màmá, kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé fún bàbá, kí Ó sì máa bá yín ṣọ́ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ kó bọ́ọ̀lù náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kò ṣẹ Ọlọ́hun.

Kí n tó dé orí bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ajá fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hàdíìsì jọ, gbà wá pé ẹni tó bá ń tọ́ ajá, yàtọ̀ sí ajá ẹran ọ̀sìn, ajá ọdẹ tàbí ajá oko, kíráàtì kan, ìyẹn ìwọ̀n láádá kan, ni yóò máa dín nínú láádá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbàwá mìíràn ní kíráàtì méjì. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kàn gbé ajá sílé torí pé ó rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tó fẹ́ máa fi í yangàn, àdánù ló ń ṣe bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìbáà jẹ́ pé kò ra bisikíìtì kankan fún un.

Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ lẹ̀ ń sìn, olè ló ń jà yín, bàbá kò sì sí nílé mọ́ láti ṣọ́ ọ. Ẹran ọ̀sìn wà nínú ohun tí Ànábì yọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti fi ìṣọ́ ilé wé e. Gbogbo àwa tó jókòó sórí ẹní ní ilé kéwú nílẹ̀ Yorùbá ló mọ orúkọ Ibn Abi Zayd ará Kairouan, ẹni tó kọ Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn tí à ń kà ní ilé kéwú, tó kú ní ọdún 386 Híjírà. Ìtàn tí àwọn olùkọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ògiri ilé rẹ̀ wó, ẹ̀rù àwọn kan sì ń bà á, ló bá so ajá mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní, ṣebí Ìmáámù Malik, tí òun náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, kò fẹ́ èyí. Ó ní bí Malik bá bá ìgbà tiwa ni, kìnnìún ni ìbá so sẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín ògiri rẹ̀ tó wó àti ẹ̀yìnkùlé yín tí olè ti wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ ibi tí ìkórìíra ajá ti wọ inú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa. Ajá ni àwọn aláìmọ̀ fi ń bọ Ògún, àwọn bàbá wa tó gba ẹ̀sìn sì sá fún ohun gbogbo tó bá jọ mọ́ ọn. Wọ́n ṣe dáadáa láti sá fún ẹbọ. Ṣùgbọ́n ajá kọ́ ló ń bọ òrìṣà, òun gan-an ni wọ́n ń bẹ́ lórí. Ìlú wa yìí náà, ọdẹ ni ìtàn sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó, Ògúnlọlá, ọdẹ àti ajá kì í sì í jìnnà síra. Ẹ ṣí Súrà Al-Kahf, tí à ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó sá wọ inú ihò nítorí Ọlọ́hun, ajá wọn wà pẹ̀lú wọn, Ọlọ́hun sì dárúkọ rẹ̀ nínú Al-Kùránì, pé ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Bí a bá ka iye àwọn ènìyàn náà, a óò ka ajá wọn mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Ànábì sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń rìnrìn àjò, tí òùngbẹ gbẹ gidigidi. Ó rí kànga, ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó mu. Bó ṣe gòkè ló rí ajá kan tó yọ ahọ́n síta, tó ń lá ilẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ó ní, òùngbẹ tó gbẹ mí lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbẹ ajá yìí. Ó padà sínú kànga, ó bu omi sínú bàtà rẹ̀, ó fi ẹnu gbé bàtà náà, ó gun òkè, ó fún ajá mu. Ọlọ́hun gba iṣẹ́ rẹ̀, Ó sì forí jìn ín. Àwọn sàhábà béèrè bóyá láádá wà fún wọn lórí àwọn ẹranko. Ànábì ní láádá wà lórí gbogbo ohun tó bá ní ẹ̀dọ̀ tútù, ìyẹn gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Ẹ bá mi wo bàtà yẹn dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń di ògiri kànga mú, kò sí èyí tó ṣẹ́kù. Bàtà tó ti fi tẹ erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ràkúnmí ló fi eyín gé mú títí ó fi gòkè, nítorí ajá tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò ṣọ́lé fún un rí, tí kò sì ní rí mọ́ láyé. Màmá, Bíńgò tó ń jí lóru kí ẹ̀yin lè sùn, ta ni yóò sọ pé bisikíìtì tí ẹ jù sí i lẹ́nu kò ní láádá?

Àwọn onímọ̀ fìkíhì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn wa, sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá ní ẹranko, ọrùn rẹ̀ ni oúnjẹ àti omi rẹ̀ wà. Ẹ rántí obìnrin tí Ànábì sọ pé ó wọ iná nítorí ológbò: ó tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá kòkòrò jẹ. Mo ti rí ajá kan nílùú yìí, nílé ẹni tí kì í fi sáfù iwájú sílẹ̀ ní mọ́sáláṣí. Wáyà ni wọ́n fi so ó lọ́rùn, wáyà náà ti wọ inú awọ, eṣinṣin ń bà lé ojú egbò, omi inú abọ́ rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó ní, Àáfà, ajá mà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn ará àsàlàátù lọ bá wí.

Ṣé eré wá wà lára ẹ̀tọ́ ajá? N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀sìn: kò sí hàdíìsì kankan tó ní kí á ra bọ́ọ̀lù fún ajá. Kò sì sí èyí tó kọ̀ ọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ ohun ayé tí Ọlọ́hun kò bá kọ̀, ẹ̀tọ́ ló jẹ́. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò rí nǹkan kan lé, á máa họ ilẹ̀kùn, á máa fa aṣọ tí ẹ sá sórí okùn, á máa gbó ọmọ aládùúgbò. Bó bá rí bọ́ọ̀lù sá tẹ̀ lé, tó rí nǹkan rún lẹ́nu, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì lè jí ṣọ́lé lóru. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yẹ̀ wò. Muslim gba hàdíìsì wá pé àwọn màláíkà kì í bá èrò ọ̀nà tí ajá tàbí agogo bá wà láàárín wọn rìn. Nítorí náà, bí agogo wẹ́wẹ́ bá wà nínú bọ́ọ̀lù náà tàbí lára okùn ọrùn Bíńgò, ẹ yọ ọ́.

Ní ti owó, Súrà Al-Isrā ní àwọn àpà jẹ́ ọmọ ìyá àwọn èṣù. Ẹ má bínú sí àwọn ará àsàlàátù, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ló bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n yára sọ pé ìwà kèfèrí ni, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó tètè jáde lẹ́nu Mùsùlùmí sí ẹnì kejì rẹ̀. ₦9,500 tí ọmọ yín yọ nínú owó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ìwà àpà. Àmọ́ bí ọmọ tó ń bá yín kó ẹyin kò bá tíì gba owó oṣù rẹ̀, tí ẹ sì tún fẹ́ ra bọ́ọ̀lù kejì, èmi náà yóò dúró ti àwọn ará àsàlàátù.

Ohun mìíràn wà tó ṣáájú bọ́ọ̀lù kejì, ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè yín: abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ṣé Bíńgò ti gbà á? Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára ẹni tí ajá bù jẹ, ekukáká ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi là. Ọmọ kékeré wà nílé yín, ó ń ki ọwọ́ sí Bíńgò lẹ́nu láti gba bọ́ọ̀lù. Ẹ mú ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ béèrè ìgbà tí yóò tún gbà á, kí ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ànábì ní kí á má ṣe ara wa ní jàǹbá, kí á má sì fi jàǹbá san jàǹbá.

Bisikíìtì náà, ẹ ní kí ọmọ yín ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa. Bó bá rí pork, bacon tàbí lard níbẹ̀, ẹran tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, kó má rà á mọ́. Ẹnu ajá ló ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó Mùsùlùmí ló rà á, bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà ni Ànábì kéde pé Ọlọ́hun ti ṣe títa ọtí, òkú ẹran, ẹlẹ́dẹ̀ àti òrìṣà ní èèwọ̀. Èyí tí wọ́n fi adìẹ tàbí ẹja ṣe pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín fún un ní ṣokoléètì tàbí ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, májèlé ni wọ́n jẹ́ fún ajá.

Ó ku itọ́. Lójú ọ̀nà Ìmáámù Malik tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, ajá kì í ṣe nàjísí, ìyẹn ohun àìmọ́, itọ́ rẹ̀ náà kì í ṣe nàjísí. Súrà Al-Mā'idah ló gbà wá láàyè láti jẹ ohun tí ajá ọdẹ tí a ti kọ́ bá pa wá, ẹnu náà ló sì fi gbé e. Malik fúnra rẹ̀ béèrè pé, nígbà tí a ń jẹ ohun tó pa, báwo ni a ó ṣe kórìíra itọ́ rẹ̀? Àlùwàlá yín kò bàjẹ́, ìrun tí ẹ ti kí kò bàjẹ́, ẹ má tún un kí. Àwọn ọ̀nà ìmọ̀ yòókù ní nàjísí ni, àwọn náà ní ẹ̀rí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí olóko ya aṣọ ìrun sọ́tọ̀ sórí ìkọ́ kan, kó má fi bọ́ sẹ́yìnkùlé. Bí Bíńgò bá fi ahọ́n kan omi inú abọ́ tí ẹ̀ ń lò, ẹ da omi náà nù, kí ẹ fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀meje. Èyí àkọ́kọ́, ẹ bu erùpẹ̀ tó mọ́ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ yí i káàkiri inú abọ́ àti etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi ṣàn án fún ìgbà mẹ́fà tó kù. Ohun tí Ànábì pa láṣẹ nìyẹn. Yóò rọ̀ yín lọ́rùn bí ajá bá ní abọ́ tirẹ̀.

Kí Bíńgò má sùn sínú pálọ̀, bí ọmọ-ọmọ yín tilẹ̀ sunkún. Màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, bẹ́ẹ̀ ni hàdíìsì wí. Àwọn onímọ̀ kan yọ ajá tí a gbà láàyè kúrò nínú èyí, àwọn mìíràn kò yọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi dán an wò? Ẹ kan ilé pákó sí ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ fún un, kí ẹ fi páànù bò ó kí òjò má pa á. Ẹnu ọ̀nà náà ni ajá àwọn ará inú ihò sùn sí.

Ní ti egungun Iléyá, ẹ lè fún un. Ohun tí a kọ̀ ni kí á ta ẹran tàbí awọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti ara ilé, ti aládùúgbò àti ti aláìní, kí egungun wá jẹ́ ti Bíńgò. Kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, nítorí egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un lọ́nà ọ̀fun.

Ọlọ́hun ló ni ìmọ̀ jùlọ.