Sọ́fítíwíà yín ò sọnù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń ṣe ìwé owó ní ilé-ìwé aládàáni kan l'Ábẹ́òkúta. Níbi iṣẹ́, mo máa ń so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ mọ́nítọ̀ ńlá kan. Tí mo bá délé, sọ́fítíwíà ìṣírò owó náà kì í ṣí mọ́. Màá tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé àfi kí òun fọ́máàtì ẹ̀, kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò. Ó ti fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún padà sídìí àárọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ ní kó dúró ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí i, torí owó ọmọlúwàbí àti iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń fi ṣòfò lórí ohun tí kò ju kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì bíi mélòó kan lọ.

Ẹ ní sọ́fítíwíà yín kì í ṣí. Ó ń ṣí. Ibi tó ń ṣí sí ni ojú yín ò tó.

Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ tẹ sọ́fítíwíà náà bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí àwòrán rẹ̀ máa ń jókòó sí. Tí ìlà kékeré kan bá yọ lábẹ́ àwòrán náà, ó ti ṣí nìyẹn. Ẹ gbé ọfà máòsì lé e lórí láì tẹ̀ ẹ́: ẹ máa rí wíńdò náà (ojú iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà ń ṣí) ní bíńtín, ìwé owó yín á sì hàn nínú ẹ̀. Ohun tó hàn báyìí ò kú, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì tó gbé e lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà ni Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yín, fi ń mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Igun òkè lápá òsì, lójú mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́, ni òdo. Ibẹ̀ ló ti ń kà lọ sápá ọ̀tún. Tí ojú láptọ́ọ̀pù yín bá fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 1920 (àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán ni píksẹ́ẹ̀lì), mọ́nítọ̀ tí ẹ gbé sápá ọ̀tún máa bẹ̀rẹ̀ láti 1920 lọ. Tó bá jẹ́ apá òsì ló wà, nọ́ńbà tirẹ̀ á kéré sí òdo. Nísinsìnyí, ẹ ti sọ́fítíwíà yín pa níbi iṣẹ́ nígbà tó wà lórí mọ́nítọ̀ ńlá. Kó tó pa, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí 2300 lòun wà. Alẹ́ lẹ wá ṣí i nílé. Ó ka àkọsílẹ̀ ẹ̀, ó sì lọ sórí 2300, bẹ́ẹ̀ 1920 ni gbogbo ojú tó wà níwájú yín. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tuntun máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tí wọ́n ń lọ ṣì wà. Àwọn ti àtijọ́, pàápàá irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìwé owó, kì í wò.

Ẹ wá rí ìdí tí fọ́máàtì fi jọ oògùn. Bó ṣe ń nu gbogbo nǹkan kúrò, ó nu nọ́ńbà 2300 yẹn mọ́ ọn. Sọ́fítíwíà ò rántí ibì kankan mọ́, ó ṣí sí àárín, ẹ yọ̀, ẹ sanwó. Ọjọ́ kejì ẹ padà síbi iṣẹ́, ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, ó tún kọ nọ́ńbà mìíràn sílẹ̀. Kò sóhun tí wọ́n wò sàn. Ewu tó wà níbẹ̀ sì tóbi ju owó lọ: tí ìwé owó ilé-ìwé bá wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan, tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, fọ́máàtì kan péré lè gbé àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín láì kọ́kọ́ bi yín pé ibo ni ẹ̀dà iṣẹ́ yín wà, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fà á padà rèé. Ẹ di Shift mú lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán sọ́fítíwíà náà nísàlẹ̀. Ẹ mú Move. Tí Move bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú Restore, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì ọfà lórí kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì máa rọra gbé máòsì láì tẹ̀ ẹ́. Wíńdò á lẹ̀ mọ́ ọfà máòsì, á bá a jáde wá. Ibi tí ẹ bá ti tẹ máòsì ló máa dúró sí.

Ọ̀rọ̀ NEPA náà wà níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bá a pàdé níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ, mọ́nítọ̀ ńlá á kú, láptọ́ọ̀pù á máa bá a lọ lórí bátìrì. Wáyà HDMI ṣì wà níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù sì ń gba inú ẹ̀ fi iná fólítì 5 ránṣẹ́, iná yìí sì tó fún àwọn mọ́nítọ̀ kan láti máa dáhùn pé àwọn wà. Kọ̀ǹpútà á gbà pé mọ́nítọ̀ ṣì wà láyè, á máa ṣí wíńdò síbi tó ṣókùnkùn. Gbogbo mọ́nítọ̀ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá ń ṣe é, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, kí ẹ mú PC screen only. Ẹ má ṣe mú Second screen only o, ojú láptọ́ọ̀pù náà á tún ṣú ni. Tí iná bá dé, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ mú Extend.

Nǹkan kan wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn: sọ́fítíwíà á wà níwájú yín, ṣùgbọ́n kò ní gbà kí ẹ tẹ nǹkan kan. Wọ́n á ní ó ti há. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń bi yín ní ìbéèrè ni, àpótí ìbéèrè náà ló ṣí síbi tí ojú yín ò tó. Ẹ tẹ Esc. Ẹ má tẹ Enter láì rí ohun tó kọ, torí ó lè jẹ́ pé ó ń bèèrè bóyá kó pa nǹkan rẹ́.

Láti òní lọ, kí ẹ tó yọ wáyà níbi iṣẹ́, ẹ wọ́ sọ́fítíwíà náà wá sójú láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tó tì í pa. Nọ́ńbà tó wà nílé náà ló máa kọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Windows 11 lẹ ní, ẹ lọ sí Settings, System, Display, kí ẹ ṣí Multiple displays, kí ẹ sì máàkì Remember window locations based on monitor connection. Àwọn sọ́fítíwíà tó ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá yọ wáyà lèyí wúlò fún jù. Kò ní kí sọ́fítíwíà àtijọ́ má gbọ́ràn sí àkọsílẹ̀ ara ẹ̀. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac lè lọ síbi Window lókè, kó mú Move to.

Mi ò tíì fojú rí láptọ́ọ̀pù yín, tó bá sì jẹ́ ti ilé-ìwé ni, ẹ sọ fún àwọn tó ni ín kí ẹ tó yí nǹkan kan padà nínú Settings. Tí ẹ bá gbé máòsì lé àwòrán náà, tí wíńdò bíńtín yẹn ò yọ rárá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹ kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú orúkọ sọ́fítíwíà náà àti ohun tó bá kọ sójú. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ da ìwé owó yẹn sórí fláàṣì, kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti rí i pé ó pé.