Highlander 2.7 tàbí V6: èwo ló yẹ ìdílé tó ń gun òkè Ọ̀kà lóṣooṣù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí. Ọba-Ilé la ń gbé, Alágbàka ni iléèwé tèmi àti tàwọn ọmọ wà. Ọmọ mẹ́rin la bí, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Oṣooṣù ni gbogbo wa máa ń lọ sí Ọ̀kà-Àkókó, tẹrù-tẹrù. A ti rí Toyota Highlander tòkúnbọ̀ méjì, ọdún 2010 ni méjèèjì. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.7 onípulọ́ọ̀gì mẹ́rin. Èkejì jẹ́ V6, ìyẹn onípulọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà 3.5, fọ́ọ̀-wíìlì ni, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, ó sì fi 500,000 náírà dín sí ti àkọ́kọ́. Ọkọ mi ní ká mú V6 nítorí òkè Ọ̀kà. Àbúrò mi ní owó epo á jẹ wá run. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rọ̀ epo ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dẹ́rù ba gbogbo èèyàn láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n ti kó àwọn ọkọ̀ yìí wá, EPA ni àjọ tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo. Ìwọ̀n tiwọn ni pé gálọ́ọ̀nù kan á gbé 2.7 rin máìlì 20 nínú ìgboro, àti 27 lọ́nà ìrìnàjò. V6 tó ní fọ́ọ̀-wíìlì á rin 17 nínú ìgboro, 22 tàbí 23 lọ́nà ìrìnàjò. Tí a bá sọ ọ́ di lítà, nínú 100 kìlómítà ìgboro, 2.7 á jẹ nǹkan bíi lítà 12, V6 á sì jẹ nǹkan bíi 14. Lítà méjì ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ká ní ẹ ń rin 800 kìlómítà lóṣù, iléèwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti Ọ̀kà lápapọ̀, lítà 16 nìyẹn. Ẹ fi 1,000 náírà ṣírò lítà kan kó lè rọrùn: 16,000 náírà lóṣù, kò pé 200,000 lọ́dún. Owó tí wọ́n fi dín V6 kù fún yín á ra ìyàtọ̀ epo yẹn fún ohun tó lé ní ọdún méjì.

Àbúrò yín ò parọ́, ó kàn bù mọ́ ọn ni. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé, tí éèsì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tó sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà Ọba Adésídà, á jẹ ju ohun tí EPA kọ lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni 2.7 á ṣe jẹ ju ohun tí wọ́n kọ fún un lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ó ti ba orúkọ V6 jẹ́ nílẹ̀ wa láìṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ tẹ́mósítáàtì sọnù tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, kó sì dúró síbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì máa tú epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wá máa pariwo pé V6 ń mu epo bí omi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tó bá rìn fún ogún ìṣẹ́jú tí ọwọ́ yẹn ò kúrò nísàlẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n yọ.

Ó wá ku òkè Ọ̀kà, tó jẹ́ àwíjàre ọkọ yín. Agbára ẹṣin 187 ni 2.7 ní, V6 ní 270. Àmọ́ lórí òkè, agbára ìfà ló ṣe pàtàkì, ti V6 sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti èkejì lọ. Ẹ̀yin méje nínú ọkọ̀, iṣu àti gààrí ní bọ́ọ̀tù, éèsì ní títàn: 2.7 á já jíà sílẹ̀ sí kẹta tàbí ìkejì, ọwọ́ tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí á kọjá 4,000, ẹ ó sì gbọ́ ariwo. Ariwo yẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ́ńjìnnì náà kéré fún ara tó gbé, àmọ́ jíà mẹ́fà ni Toyota fún un, nígbà tí V6 ọdún yẹn ní márùn-ún. Tí rédíétọ̀ rẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ kúlántì gidi ló wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe omi ẹ̀rọ, á gùn ún dé òkè láìsí wàhálà. Ẹ kàn má retí pé á sáré.

Sísọ̀kalẹ̀ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju gígùn lọ, mà. Ẹ mọ jàǹbá tí àwọn tírélà máa ń fà ní Àkùngbá àti Ọ̀kà. Bíréèkì tí awakọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná débi pé kò ní mú mọ́, kò sì síbi tí ẹ́ńjìnnì ńlá tàbí fọ́ọ̀-wíìlì ti lè gba ẹnikẹ́ni nínú ìyẹn. Fọ́ọ̀-wíìlì kì í dá ọkọ̀ dúró. Ó tilẹ̀ jẹ́ kí V6 yìí wúwo ju 2.7 lọ, bíréèkì rẹ̀ ló sì máa gbé ìwúwo náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wà yín lọ, kó yọ jíà kúrò ní D kí ọkọ̀ tó dorí kodò, kó fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, kó máa tẹ bíréèkì kó sì máa fi í sílẹ̀.

Ibi tí V6 ti sàn jù gan-an ni kíkọjá lára tírélà láàárín Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ tó kún, tó sì jẹ́ 2.7, nílò kí ojú ọ̀nà ṣófo jìnnà kó tó yọ síta. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí ọkọ yín ló ń wà á, tí ẹ sì lè fara balẹ̀ tẹ̀ lé tírélà títí ọ̀nà á fi ṣí, kò séwu. Tó bá jẹ́ ẹni tí kì í lè dúró lẹ́yìn ọkọ̀ míì ni, mo bẹ̀ yín, ẹ bá a sọ ọ́ kí ẹ tó ra 2.7.

Ní ti àtúnṣe, V6 ń gba owó ju epo tí ẹ ń bẹ̀rù lọ. Pulọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, mẹ́ta nínú wọn sì wà lẹ́yìn, lápá wínsíkírìn, lábẹ́ ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ tú ìyẹn kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì gba àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì V6 tó nǹkan bíi lítà mẹ́fà, kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin kan kò lè kún un. Ti 2.7 jẹ́ nǹkan bíi mẹ́rin àbọ̀. Fọ́ọ̀-wíìlì tún ní ọ́ìlì tirẹ̀ lẹ́yìn àti láàárín, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rárá. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló ń lo ṣéènì dípò bẹ́lìtì táímìn, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ wá sanwó bẹ́lìtì táímìn, Highlander àtijọ́ onípulọ́ọ̀gì mẹ́fà, 3.0 àti 3.3, ló ní lọ́kàn.

Èmi á mú 2.7 fún yín. Ọjọ́ tí ẹ ó fi máa lọ sí Alágbàka pọ̀ fíìfíì ju ọjọ́ tí ẹ ó fi gun òkè Ọ̀kà lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn fún owó oṣù olùkọ́. 500,000 wọ ojú lóòótọ́, àmọ́ tí fọ́ọ̀-wíìlì yẹn bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Bó ti wù kó rí, ọkọ̀ tó wà níwájú yín ju orúkọ ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ wo nọ́ńbà onílẹ́tà 17 tó hàn láti inú wínsíkírìn lápá awakọ̀. Lẹ́tà karùn-ún á jẹ́ A tó bá jẹ́ 2.7, á jẹ́ K tó bá jẹ́ 3.5. Ẹ̀kẹwàá gbọ́dọ̀ jẹ́ A tó bá jẹ́ ọdún 2010 lóòótọ́. Ẹ ṣí bọ́ọ̀tù, kí ẹ rí ìjókòó kẹta pẹ̀lú ojú yín, torí kì í ṣe gbogbo Highlander ló ní in, ẹ̀yin sì pé méje. Ní ti V6, kí mẹkáníìkì yín wo páìpù kékeré tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fáànù bẹ́lìtì wà. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní rọ́bà láàárín, rọ́bà náà máa ń bẹ́, gbogbo ọ́ìlì á sì dà nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Toyota fúnra wọn ti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Tí rọ́bà bá ṣì wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń tà á pààrọ̀ rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìdílé sínú 2.7 náà, ẹ tan éèsì, ẹ gbé e gba ọ̀nà Ìdànrè lọ. Tí ọwọ́ ooru bá dúró láàárín lórí òkè ibẹ̀, tí jíà ò já gìrì nígbà tó ń yí, ẹ sanwó. Tí kò bá yege, tí V6 sì yege, ẹ ra V6, kí ẹ má ronú epo.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má gbé e lọ sí Ọ̀kà kí wọ́n tó tú bíréèkì rẹ̀ wò, kí ẹ sì ka ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí: 2314 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Irú táyà bẹ́ẹ̀, bí ojú rẹ̀ ṣe wù kó tuntun tó, ẹ yọ ọ́ kúrò.