Síkì snowmobile ń gbéra nílẹ̀, ọkọ̀ kò sì fẹ́ ya: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àríwá Minnesota ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, mo sì ra snowmobile àlòkù kan, ìyẹn ọkọ̀ tí à ń gùn lórí yìnyín. Bí mo bá fún un níná, iwájú á gbéra pẹ̀lú síkì, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Bí mo bá dé kọ́nà, mo lè yí hándù tán kó ṣì máa lọ tààrà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fún sípíríìngì síkì méjèèjì le dáadáa. Ṣé ibẹ̀ ni ìṣòro wà? Kílò 95 ni mí.

Ìdáhùn: Ẹ fi sípíríìngì síkì sílẹ̀ ná, òun ló máa kàn gbẹ̀yìn. Iwájú tó ń gbéra kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti fún ọkọ̀ níná, ìwúwo á kúrò lórí síkì, á bọ́ sórí track, ìyẹn bẹ́lítì rọ́bà tó ń yí lábẹ́ yín, bí ìgbà tí ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì bá já kílọ́ọ̀ṣì lójijì. Ìwúwo yẹn ni track fi ń di yìnyín mú. Bí ẹ bá dí i pa pátápátá, track á kàn máa yí lójú kan ni. Ohun tí à ń wá ni pé kó lọ sẹ́yìn níwọ̀nba, kó sì tètè padà síwájú bí ẹ bá ti dẹwọ́ láti ya.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ yẹ irin kábáídì, ìyẹn irin líle tó ń gé yìnyín lábẹ́ síkì, wò. Bó bá ti kúnu, kò sí títò kankan tó máa mú ọkọ̀ náà ya. Ẹ fún gíríìsì sí gbogbo oríkèé apá irin tó wà nínú track pẹ̀lú. Apá tó ti dípẹtà kì í jẹ́ kí sípíríìngì ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀ àlòkù, nǹkan méjì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀yìn ló kàn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bọ́ńpà ẹ̀yìn sókè títí sípíríìngì á fi nà tán, ṣùgbọ́n kí track má kúrò nílẹ̀. Kí ẹnìkan wọn gíga rẹ̀. Kí ẹ wá wọ gbogbo aṣọ òtútù àti àṣíborí yín, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ fìdí rọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí ó tún un wọn. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹ kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn ẹ̀yìn, ìyẹn gbogbo ibi tí ẹ̀yìn lè lọ sókè-sódò dé. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé sẹ̀ǹtímítà 35 ni ìrìn náà, 9 sí 12 ni ẹ ń wá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ti jókòó kí ẹ tó fún un níná rárá. Bóyá ẹni tó lò ó ṣáájú yín fúyẹ́ jù yín lọ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kámù onípele mẹ́ta, ìyẹn ohun tí à ń yí láti mú sípíríìngì ẹ̀yìn le tàbí rọ̀, ló wà níbẹ̀: rírọ̀, àárín, líle. Ẹ máa yí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ má fò láti rírọ̀ sí líle, torí sípíríìngì yẹn lè ṣe ọwọ́ léṣe. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Bí síkì bá ṣì ń gbéra jù, ó di ọ̀rọ̀ limiter strap, okùn pẹlẹbẹ tó ń so iwájú apá inú track mọ́ra kó má baà já wálẹ̀ jù. Ẹ dín in kù ní ihò kan péré, bó bá jẹ́ okùn méjì, kí méjèèjì bára mu, kí ẹ sì lọ gbìyànjú rẹ̀. Síkì á wúwo sí i nílẹ̀. Ẹ tún lè dẹ sípíríìngì ṣọ́kì àárín, èyí tó wà níwájú nínú track, díẹ̀, òun náà ń ti ìwúwo síwájú, ṣùgbọ́n bó bá rọ̀ jù, ẹ máa gbọ́ “gbà!” ní gbogbo kòtò. Bí hándù bá wá wúwo débi tí apá yín fi ń ro yín, ẹ ti ṣe é kọjá ààlà, ẹ dá ihò kan padà. Àwọn ọkọ̀ kan ní blọ́ọ̀kù lẹ́yìn tó ń dín bí iwájú ṣe ń gbéra kù: bẹ́ẹ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ tó ga, ìwúwo tó ń lọ sẹ́yìn á dín kù.

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tán o. Sípíríìngì síkì tó le máa ń fi ìwúwo díẹ̀ kún iwájú, kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jù ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbo ọwọ́ lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, kò sì lè wo ẹ̀yìn tó jókòó sàn.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ le ni gbogbo èyí wà fún. Nínú yìnyín jíjìn, ẹ fẹ́ kí síkì fúyẹ́, síbẹ̀ ẹ má tú okùn náà gùn jù, torí ẹnu track á dojú kọlẹ̀, á sì máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ní kọ́nà kan náà, ní eré kan náà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn yẹn, ẹ tún wọn bí track ṣe le tó bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ: bó bá le jù, ó ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì àti ike tó ń yọ̀ lórí rẹ̀, bó bá dẹ̀ jù, ẹ máa gbọ́ bí eyín tó ń wà á ṣe ń fò nígbà tí ẹ bá fún un níná.