Èsì: Ṣé ó yẹ kí Bears tún ta ipò àkọ́kọ́ ní 2024?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kò yẹ kí Chicago Bears, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà (NFL), tún ta ipò àkọ́kọ́ wọn nínú draft 2024 (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan), dípò kí wọ́n mú Caleb Williams, quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Rárá o! Wọ́n ti tà á ní 2023: ẹgbẹ́ Carolina Panthers kó agbábọ́ọ̀lù DJ Moore àti ipò mẹ́rin, tó fi mọ́ ipò tiwọn nínú draft 2024, fún wọn, Panthers sì fi ipò tí wọ́n rà mú quarterback Bryce Young. Ìdíje méjì péré ni Panthers borí nínú 17 lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ tó burú jù ló sì ń ní ipò àkọ́kọ́; bí ipò wọn tó ti di ti Chicago ṣe di àkọ́kọ́ nìyẹn. Ta ló ń rí irú oríire bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ohun tó dùn mí ni àwọn tó yẹ kó dáàbò bo Williams níwájú: ìgbà 68 ni àwọn alátakò gbé e ṣánlẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀lù ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀.