Ọmọ ẹbí ló ta ilẹ̀ fún mi: ṣé ìwé ọwọ́ mi dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Lọ́yà. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Lọ́dún 2021 mo ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ó buwọ́ lu rìsíìtì, bàbá àgbàlagbà kan tẹ̀ka sí i, lọ́yà sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ti dé ojú fèrèsé kí Mọ́gàjí wọn, olórí ẹbí náà, tó yọjú, ó ní òun kò mọ̀ sí i. Ṣé owó mi ti wọmi nìyẹn?
Aláṣọ, Gbági

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn bíríkìlà dúró lónìí. Ẹ má tún náwó sórí ilé yẹn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ẹ mójú kúrò lára òǹtẹ̀ yẹn. Òun ni gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ó sì máa ń dùn mí, torí òǹtẹ̀ lọ́yà kò lè sọ ẹni tí kò láṣẹ di ẹni tó láṣẹ. Ta ló tà á? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, lọ́dún 1959, ilé ẹjọ́ là á yéni: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba àṣẹ àwọn àgbà ìdí-igi, ìyẹn àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, títà náà ṣì dúró títí àwọn yẹn yóò fi pẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ yóò fi fagi lé e. Bí wọ́n bá jókòó pẹ́ jù, ó lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí lásán bá dá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni láti ọjọ́ tó ti gbowó. Kódà bí ẹ bá lọ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, òfo náà ni.

Nítorí náà, bàbá tó tẹ̀ka yẹn, ta ni? Bó bá jẹ́ òun ni olórí ẹbí ní 2021, tí Mọ́gàjí yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ ní ẹsẹ̀ láti dúró lé. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì ka ìwé náà fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka ní èdè tó gbọ́. Wọ́n mú bàbá kan wá sí ọ́fíìsì mi rí, yíǹkì aláwọ̀ búlúù kò tíì kúrò ní àtàǹpàkò rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fọwọ́ sí. Ó ní, “Wọ́n ní owó ìnáwó òkú ni kí n tẹ̀ka sí.” Ilẹ̀ ni wọ́n tà.

Bó bá jẹ́ pé ọmọkùnrin yẹn ló dá tà, owó yín kò tíì wọmi: ẹ lè pè é lẹ́jọ́ kó dá a padà. Àmọ́ ní tèmi, màá kọ́kọ́ lọ bá Mọ́gàjí pẹ̀lú lọ́yà. Bí wọ́n bá gbà, kí òun àti àwọn àgbà ìdí-igi kọ ìwé tuntun, kí àwọn fúnra wọn tà á fún yín. Kí wọ́n má ṣe kọ “a fọwọ́ sí i” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, torí òfo kò ṣe é tún ṣe.

Ẹ má sì fi rìsíìtì gidi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ìpàdé náà. Fọ́tò rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ.