Iṣan tó ń dun àwọn tó ń gbé irin: ìsinmi nìkan kò tó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí abẹ́ orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí bí mo bá ń ṣe squat (gbígbé irin léjìká, kí n lóṣòó kí n sì dìde). Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora náà lọ. Ọjọ́ tí mo padà sí jíìmù ló tún dé. Ṣé kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ìka kan tẹ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn yín, lábẹ́ eegun róbótó iwájú orúnkún, iṣan (tendon, okùn líle tó ń so ẹran mọ́ eegun, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀) tó so eegun yẹn mọ́ ojúgun ló ṣeé ṣe kó ní ìṣòro. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé iṣan kò tó èyí tó ń dé ẹran itan, nítorí náà ẹran máa ń lágbára ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń fi irin kún irin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti fi iṣan sílẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Ìsinmi á pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ iṣan tí kò ṣiṣẹ́ á tún rọ sí i.

Iṣẹ́ ló ń wò ó, díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ jókòó sórí ẹ̀rọ leg extension, ẹ na ẹsẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ máa sinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín. Lẹ́yìn náà, leg press (fífi ẹsẹ̀ ti irin lórí ẹ̀rọ) tàbí squat, ìgbà 3 lọ́sẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 4: ìṣẹ́jú àáyá 3 ní lílọ sílẹ̀, 3 ní dídìde. Ẹ fi irin tí agbára yín lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀, kó tó ọ̀sẹ̀ kejìlá kí ẹ tó dé èyí tí ẹ kò lè gbé ju ìgbà 6 lọ. Ìrora tí kò ju 3 lọ nínú 10 kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ dín irin kù, ẹ má pa iṣẹ́ tì.

Ẹ má gba abẹ́rẹ́ steroid sí i. Ó ń mú ìrora lọ fúngbà díẹ̀, ó sì lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún Cipro, oògùn apakòkòrò tí a máa ń dédé rà ní kẹ́míìsì: òun àti levofloxacin tó jẹ́ irú rẹ̀ lè mú kí iṣan já, pàápàá ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Láti 2008 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sínú ìwé oògùn náà. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ń gbé irin.

ÌBÉÈRÈ: Níbi tí mo ti ń ṣe deadlift (gbígbé irin nílẹ̀ títí dé itan) ni nǹkan ti dún pàá níwájú ìgbọ̀nwọ́ mi òsì. Ó wú, ẹ̀jẹ̀ sì ti dì síbẹ̀. Ṣé kí n máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́? (Òǹkàwé kan, Èkó)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, rárá o! Ó jọ pé iṣan ìsàlẹ̀ ẹran apá ló já. Nínú deadlift, ọwọ́ tó di irin mú tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú, nígbà tí ti èkejì kọjú sẹ́yìn, ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ wá ti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì bọ abẹ́ okùn líle tó yẹ kó wà níbẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ òde. Bí ẹ kò bá bá okùn kankan, ó ti já, kò sì sí ìfọwọ́rà tó lè so ó. Àmọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ bá a, ẹ lọ rí dókítà eegun lónìí, irú èyí tó wà ní Ìgbòbì. Bí wọ́n bá máa ran án, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, torí iṣan tó já máa ń fà sókè, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó bá dé. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn.